Yàrá Mẹ́sàn-án fún Akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́rìnlá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíláàsì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣètò kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ 14 ni mo ní, kálukú sì wà ní ìlú tirẹ̀. Mo ṣí yàrá ìjíròrò 9 fún wọn: yàrá ìkíni, yàrá ìbéèrè, yàrá iṣẹ́ àṣetiléwá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, yàrá 7 ti dá páropáro. Nínú ọ̀kan, ìbéèrè ẹnì kan ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 11 láìsí ẹni tó dá a lóhùn. Ta ló fẹ́ máa dá sọ̀rọ̀ nínú ilé òfìfo? Yàrá kan tó wọn. Ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ kí ẹ tó pín in.

Irinṣẹ́ ló máa ń tì wá sí i. Ẹ ṣí Moodle (ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì) báyìí, bọ́tìnì tí yunifásítì ńlá ń lò ló kún ibẹ̀, ọwọ́ á sì máa yúnni. (Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Martin Dougiamas tó gbé e jáde ní 2002, inú aginjù Ọsirélíà ló ti ṣe kékeré, rédíò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé.)

Ẹ má gbé ipò akẹ́kọ̀ọ́ sójú táyé. Láàárín èèyàn 5,000, ẹni tó gbẹ́yìn ríbi sá pamọ́ sí. Láàárín 14, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì fi gbogbo ẹ̀kọ́ sórí fídíò ojú ẹsẹ̀. Aago 7 alẹ́ yín lè jẹ́ aago 3 òru ẹlòmíràn. Fídíò tó ń lo 1 Mbps (ìyẹn mílíọ̀nù kan bíìtì dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á jẹ dátà 450 MB ní wákàtí kan. Ohùn lásán ní 32 kbps kò tó 15 MB. “Ẹ ó wo èyí tá a ká sílẹ̀” kì í ṣe àtúnṣe o: ẹni tó ń wo àkásílẹ̀ lójoojúmọ́ ti di òǹwòran. Ẹ máa yí aago ìpàdé po, kí ìyà má bàa jẹ ẹnì kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ohùn dáhùn nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìránnilétí. Mo ní kí ẹ̀rọ máa kọ̀wé sí ẹni tó bá dákẹ́ ju ọjọ́ 4 lọ: “A ti ń retí yín.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan fèsì: “Ta ló ń retí mi, ẹ̀yin gan-an ni àbí ẹ̀rọ?” Látìgbà náà, fóònù ni mo fi ń pè wọ́n.