Nígbà tí Géèmù Àfọwọ́mú Àtijọ́ Kò Bá Tàn Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí àwọn ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà àti Japan láàárín ọdún 1976 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ wọ́n nù nígbà tí wọn kò bá tàn mọ́, èyí sì máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé bí a bá mọ bí àwọn tó ṣe wọ́n ṣe ronú, kò ṣòro láti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùkù wọn.

Ìbéèrè: Ọwọ́ mi tẹ géèmù Football tí Mattel ṣe. Mo fi bátìrì tuntun sí i, ṣùgbọ́n iná kankan kò tàn. Ṣé ṣíìpù inú rẹ̀ ló ti jó?

Ìdáhùn: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mattel gbé Auto Race jáde ní ọdún 1976, Football sì tẹ̀ lé e ní 1977. George Klose, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Mattel, ló wòye pé irú ṣíìpù tó wà nínú ẹ̀rọ ìṣírò kékeré lè di ohun ìṣeré. Ilé-iṣẹ́ Rockwell ló pèsè ṣíìpù, Mark Lesser sì kọ gbogbo ìlànà Auto Race sínú àyè tí kò ju báìtì 511 lọ. Nítorí náà, kò sí mọ́tò tàbí ohun kan tó ń yí nínú ẹ̀rọ yìí: ṣíìpù kan, àwọn iná LED pupa, bọ́tìnnì, ohun tó ń dún, suwíìṣì àti wáyà bátìrì ni gbogbo rẹ̀. Wáyà àti suwíìṣì ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Omi tó bá jò láti inú bátìrì kì í dúró lójú kan. Ó máa ń gba abẹ́ rọ́bà wáyà wọlé, títí bàbà inú rẹ̀ yóò fi dúdú tàbí kí ó ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, nígbà tí ojú rẹ̀ lóde ṣì ń dán. Ẹ fi mítà wọn fóòtì 9 níbi orí bátìrì, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ inú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí ṣíìpù jókòó lé. Bí iná bá wà lókè tí kò sì dé ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà náà, kí ẹ sì jó òjé rẹ̀ dáadáa. Bí iná bá dé bọ́ọ̀dù, ẹ kán sípíríìtì díẹ̀ sínú suwíìṣì, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn léraléra. Bí ìdọ̀tí bátìrì alkaline bá ti dì síbẹ̀, ọtí kíkan díẹ̀ lórí òwú yóò pa agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá bátìrì padà. Bí gbogbo èyí kò bá ran án, tó sì hàn pé ṣíìpù ló kú, inú Football mìíràn nìkan ni ẹ ti lè rí irú rẹ̀, nítorí pé fún géèmù yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é.

Ìbéèrè: Apá kan àwòrán inú Game & Watch mi kò hàn mọ́. Bọ́ọ̀lù máa ń pòórá láàárín, yóò sì tún yọ níwájú. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Gunpei Yokoi ti Nintendo ló ṣe Game & Watch, lẹ́yìn tó rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣírò láti fi pa àkókò. Ball, tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1980. Yokoi fẹ́ràn láti lo ohun tó ti wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gíláàsì LCD, ìyẹn ojú tó ń fi àwòrán dúdú hàn, àti ṣíìpù irú ti ẹ̀rọ ìṣírò, tí Sharp ń ṣe, ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo àwòrán tó lè hàn ni wọ́n ti yà sínú gíláàsì náà láti ilé-iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù kò rìn rárá, ńṣe ni ẹ̀rọ ń fi ọ̀kan hàn tó sì ń fi èkejì pamọ́. Nígbà náà, bọ́ọ̀lù tó pòórá lójú kan túmọ̀ sí pé iná kò dé ojú yẹn.

Ẹ fi ohun ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì ACL, gbogbo àwòrán yóò sì hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ èyí tí kò hàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá tò tẹ̀ léra, rọ́bà onílà dúdú tó so gíláàsì mọ́ bọ́ọ̀dù ló ní àbùkù: ẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ fi sípíríìtì nu ojú rẹ̀ méjèèjì àti ojú bọ́ọ̀dù, kí ẹ má ṣe fà á gùn, kí ẹ sì dá a padà sí àyè rẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè: Tèmi kò ní àwòrán kankan, ojú rẹ̀ sì ti ràwọ̀ bíi tíì.

Ìdáhùn: Fíìmù tó ń ṣe àṣàyàn ìmọ́lẹ̀ ló ti gbó. Wọ́n ń ta tuntun. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sójú gíláàsì, kí ẹ sì máa yí i títí àwòrán dúdú yóò fi yọ lórí ojú tó mọ́. Bí ó bá yà sí ọ̀nà òdì, ojú náà ni yóò dúdú.

Ìbéèrè: Microvision mi ní àbàwọ́n dúdú tó ń tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀. Kí sì nìdí tó fi ní àyè bátìrì méjì, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Jay Smith ló ṣe Microvision fún Milton Bradley, ó sì jáde ní 1979. Òun ni àfọwọ́mú àkọ́kọ́ tí a lè pààrọ̀ géèmù inú rẹ̀, mo sì gbà pé ó yẹ kí a bọlá fún un ju bí a ti ń ṣe lọ. Àbàwọ́n yẹn kò ṣeé tún ṣe, nítorí pé wọn kò dí etí gíláàsì náà dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ má ṣe ná owó lé e, àfi bí ẹ bá rí òmíràn tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Inú kátíríìjì, ìyẹn ike géèmù tí a ń pààrọ̀ lára rẹ̀, ni ṣíìpù wà, kì í ṣe inú ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan orí irin kátíríìjì, torí iná tó wà lára ènìyàn nìkan tó láti pa á.

Ní ti bátìrì, àwọn kátíríìjì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ lo ṣíìpù Intel 8021 tó ń jẹ iná púpọ̀, ni wọ́n fi nílò bátìrì méjì. Nígbà tí wọ́n yí padà sí TMS1100 ti Texas Instruments, ọ̀kan ti tó. Bí ènìyàn bá sì fi ipá ki ọ̀kan nínú méjèèjì sódì, wọ́n máa ń gbóná lọ́nà tó léwu. Milton Bradley yọ irin ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, ó sì pe àyè náà ní ibi ìfibátìrì-pamọ́, nítorí pé ó wọ́n láti pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń mọ ike rẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú bátìrì kankan síbẹ̀ o, torí bó bá jò, inú ẹ̀rọ ni omi rẹ̀ yóò dà sí.