Maki Acevichado: Bí A Ṣe Ń Ṣe Sushi Àwọn Nikkei Ìlú Lima Nínú Ilé

Lima, olú-ìlú Perú, ni maki acevichado ti gbajúmọ̀. Ìrẹsì ló wà lóde rẹ̀, ewé òkun tí wọ́n ń pè ní nori wà nísàlẹ̀ ìrẹsì, edé ńlá tí a dín àti píà sì wà láàárín. Lórí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹja tútù tí a kò sè sí, kí wọ́n tó da ọbẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ọdún 1899 ni ọkọ̀ ojú omi Sakura Maru kó òṣìṣẹ́ 790 láti Jàpáànù dé Perú fún iṣẹ́ oko ìrèké. Àtọmọdọ́mọ wọn ni wọ́n ń pè ní Nikkei, àwọn ló sì mú sushi, ìrẹsì oní-fínígà ti àwọn ará Jàpáànù, àti ceviche, ẹja tútù tí àwọn ará Perú ń rẹ sínú òje ọsàn wẹ́wẹ́, wọnú àwo kan náà.

Ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọsàn wẹ́wẹ́ ti “se” ẹja náà. Irọ́ ni. Òje ọsàn ń sọ ẹran ẹja di funfun, ó sì ń mú un le, ṣùgbọ́n kì í pa aràn inú rẹ̀. Ní Perú gan-an, aràn gbọọrọ kan wà tó ń ti inú ẹja òkun tí a kò sè wọ ikùn ènìyàn. Òtútù fírísà ló ń pa á: −20°C fún odidi ọjọ́ 7. Fírísà tó wà lókè fíríìjì ilé kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi tẹmómítà wò ó. Bí iná bá lọ tí ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọjọ́ tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀ ti di òfo. Ẹ se ẹja yẹn jẹ.

Fírísà kì í wo gbogbo nǹkan sàn o. Túnà tó bá ti pẹ́ nínú ooru máa ń ní májèlé kan tí iná àti yìnyín kò lè mú kúrò. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó ta yín lẹ́nu bí ata, ẹ tu ú dànù. Ẹja odò, bí ẹja àrọ̀ tàbí tìlápíà, kò sí fún jíjẹ láìsè rárá. Aláboyún, ọmọ kékeré, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ẹ fi edé bíbọ̀ tẹ́ tiwọn lórí dípò ẹja, kí ẹ sì yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ wọn.

Ohun tí ẹ máa lò fún ìdì 4, ègé 32

Ìrẹsì sushi oníhóró kúkúrú gíráàmù 250. Omi mìlílítà 310. Fínígà ìrẹsì mìlílítà 40. Ṣúgà gíráàmù 20. Iyọ̀ gíráàmù 5. Nori 2, tí a gé sí méjì méjì. Edé ńlá 8. Píà 1 tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù. Túnà gíráàmù 160. Ìyẹ̀fun, ẹyin 1 àti èérún búrẹ́dì fún dídín edé.

Ìrẹsì inú àpò tí wọ́n ti bọ̀ kó tó dé ọjà kò ní lẹ̀ mọ́ra, bó ti wù kí ẹ sè é tó.

Ìrẹsì

Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ da omi mìlílítà 310 lé e, kó rẹ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbé e kaná. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 12, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Ẹni tó bá ń ṣí ìdérí wò ń tú ooru sílẹ̀, àárín hóró rẹ̀ á sì le.

Ẹ yọ́ ṣúgà àti iyọ̀ sínú fínígà. Ẹ da ìrẹsì gbígbóná sínú abọ́ tó fẹ̀, ẹ wọ́n fínígà náà lé e, kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí onígi là á bí ẹni ń gé e, ẹ má ṣe rò ó. Ẹ máa fẹ́ ẹ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Ẹ má gbé e sí fíríìjì, torí pé yóò gan, yóò sì fọ́ lọ́wọ́ yín. Fínígà náà kì í ṣe fún adùn nìkan. Kòkòrò kan wà tí sísè kì í pa tán nínú ìrẹsì, kíkan tí fínígà kan ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má ṣe dín in kù.

Ọbẹ̀ acevichada

Ibí ni adùn wà. Ẹ kó ẹja gíráàmù 30 tó ti gba fírísà bí a ṣe wí, òje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 3, áyù ojú 1, jíńjà tó èékánná àtàǹpàkò, sẹ́lẹ́rì tó gùn tó ìka, ata ají amarillo lílọ̀ ṣíbí tíì 2, iyọ̀ díẹ̀ àti yìnyín ẹyọ 1 sínú bìléńdà. Yìnyín yẹn ni kò ní jẹ́ kí bìléńdà mú ẹja gbóná. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú mayonnaise inú ìgò gíráàmù 150, kí ẹ máa rò ó. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè di kókókókó tàbí kó ṣàn jù. Èyí tó dára máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí.

Ẹ má fún ọsàn náà títí dé èèpo. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Omi tó ń tẹ̀ lé e korò, ìkorò náà kì í sì í lọ.

Ají amarillo jẹ́ ata Perú tó ní àwọ̀ ìyeyè, ìgò rẹ̀ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ tàtàṣé aláwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú èérún ata rodo. Rodo kì í ṣe àjèjì nínú oúnjẹ yìí: ẹ̀yà kan náà ni òun àti ají limo tí àwọn ará Lima ń gé sínú ceviche.

Edé àti yíyí

Ẹ bó edé, ẹ fa ìfun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ẹ fi ọ̀bẹ sín ikùn rẹ̀ ní ojú mẹ́ta láìgé e já, kó má baà ká nínú epo. Ẹ fi sínú ìyẹ̀fun, ẹyin, èérún búrẹ́dì, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 2 nínú epo 175°C. Ẹ jẹ́ kó ro, kó sì tutù díẹ̀. Edé tó ṣì ń rú èéfín máa ń sọ nori di ràdàràdà, ìdí nìyẹn tí ìdì ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tú.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé ẹní ọparun kékeré tí a fi ń yí i. Ẹ tẹ́ ìlàjì nori kan lé e, kí ojú tó rí hàràhàrà wà lókè. Ẹ fi omi tó ní fínígà díẹ̀ pa ọwọ́, ẹ tẹ́ ìrẹsì gíráàmù 120 káàkiri, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ yí i dojú dé. Ẹ to edé 2 àti píà sójú nori, ẹ yí i, kí ẹ fi ẹní fún un pọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ gé túnà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mìlímítà 2 sí 3, lòdì sí ìlà ẹran rẹ̀. Ẹ tò ó ní dídàgẹ̀rẹ̀ sórí ìdì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ tún fi ẹní fún un. Ẹ gé e sí ègé 8 láì tíì yọ náílọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú tí ẹ ń fi aṣọ tútù nù lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á gé. Ẹni tó bá ń tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ ń fọ́ ọ ni.

Ọbẹ̀ ló kẹ́yìn, ìgbà tí àwọn tó máa jẹun bá ti jókòó ni kí ẹ tó dà á. Ìkan ọsàn ń ṣiṣẹ́ lára túnà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá funfun. Ẹ fi àlùbọ́sà eléwé wẹ́wẹ́ àti yanmọtí yíyan wọ́n ọn. Èyí tó bá ṣẹ́kù tí ẹja wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ọbẹ̀ tí a kò tíì dà lè wà nínú fíríìjì di ọ̀la, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.