Bí A Ṣe Ń Fọgbọ́n Sọ fún Òṣìṣẹ́ Pé Kò Sí Àfikún Ọjọ́

Kí ẹ tó dá òṣìṣẹ́ tó wá tọrọ àfikún ọjọ́ lóhùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni gbèdéke náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà ló dá a, tàbí pé ẹ̀ka mìíràn kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ àfi bí tiyín bá parí, ẹ ní ìdí láti kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn dá a, tí ohunkóhun kò ní bàjẹ́ bí ọjọ́ méjì bá lé e, ẹ fún un, kí ẹ má sì wulẹ̀ ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò sí nínú àwọn tí à ń kọ̀ fún: ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì wo ohun tí òfin ìgbanisíṣẹ́ sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi í: kí ló kù, kí ló sì ń dá a dúró? Mo máa ń kọ ìdáhùn náà lójú rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí a ti lò, nítorí pé ẹni tó rí i tí ọ̀gá ń kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun. Iye ọjọ́ tó ń tọrọ kọ́ ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láti ọdún 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣàlàyé pé ẹni tó ń ṣírò iṣẹ́ ara rẹ̀ sábà máa ń dá àkókò tó kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́ta tó ń tọrọ lè má tó o.

Ìgbà tí ó bá kan kí ọ̀gá la ẹnu sọ pé kò sí àyè ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé pé, “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.” Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé òun kò gbà, ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́ ni pé ó ti bọ́ sí i. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì, oníkálukú sì ń búra pé ẹnìkejì ló parọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ kò ní gbà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò rò ó wò.

Ẹ má sì kó ìyìn jọ síwájú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ẹ ń yìn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ìyìn. “Ṣùgbọ́n” tó ń bọ̀ ló ń retí. Ìdí kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ òótọ́, ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá to ìdí mẹ́rin sílẹ̀, èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nínú wọn ni yóò dì mú tí yóò máa bá yín jiyàn lé lórí. Ẹ má fi í wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti parí tirẹ̀, ẹ má sì sá sẹ́yìn àwọn ọ̀gá àgbà bí ẹni pé ẹ̀yin ìbá gbà. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: “Mo ti gbọ́ yín, ó sì yé mi pé àkọsílẹ̀ tí ẹ ń dúró dè ló fa ìdádúró. A ò lè kọjá ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ọjọ́ Ajé ni oníbàárà máa lò ó. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tí a lè yọ kúrò níbẹ̀.” Mo ń lo “ẹ” níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, torí pé “o” nínú irú ọ̀rọ̀ yìí tètè máa ń dún bí ìbáwí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà yóò gùn lójú yín, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ti ń bá ara wọn dúnàádúrà: “Ó dáa, bóyá ọjọ́ kan péré.” Ẹ fara dà á.

Ojúkojú ló dára jù, ní òwúrọ̀, nínú yàrá tó nílẹ̀kùn. Bí kò bá sí yàrá, ẹ jọ rìn jáde díẹ̀. Bó bá jìnnà, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ má ṣe dá a lóhùn lórí WhatsApp tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti kà á.

Ọjọ́ ni a kò sún, a lè dín iṣẹ́ kù. Ẹ béèrè apá tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò, kí ó parí ìyẹn ná, kí ẹ sì gba iṣẹ́ mìíràn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fún un ní olùrànlọ́wọ́, ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́ níṣẹ́ yóò jẹ nínú àkókò tó kù. Àtúnkà àti yíyẹ ìṣirò wò ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ kọ ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i: gbèdéke, ohun tí ẹ jọ yọ kúrò, àti ọjọ́ tí ẹ óò wò ó. Mo máa ń fi èyí tó kẹ́yìn sí ìdajì àkókò tó kù. Bí ó bá hàn lọ́jọ́ náà pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ ṣì ráyè fi tó oníbàárà létí.