Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀dá Kéékèèké Ìsàlẹ̀ Òkun Tọpa Ajílẹ̀ Nínú Omi Etíkun

Ajílẹ̀ tí òjò ń gbá kúrò nínú oko àgbàdo ní Iowa àti Illinois ní Amẹ́ríkà a máa bá odò Mississippi dé etíkun Louisiana, níbi tí àwọn ewédò kéékèèké ti ń fi náítrójìn inú rẹ̀ pọ̀ sí i rẹpẹtẹ. Bí wọ́n bá kú, tí wọ́n sì rì, ìjẹrà wọn a máa gba ọ́síjìn ìsàlẹ̀ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà ooru. Ẹ̀rọ tí a fi wọn omi lónìí, ti òní nìkan ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n foraminifera, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, a máa fi ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ikú.

Fi ọ̀pá oníhò fa ẹrẹ̀ jáde láìda ojú rẹ̀ rú, ní ẹ̀ẹ̀mẹta níbì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn ẹ̀dá yìí kì í tò káàkiri ní dọ́gbadọ́gba. Gé sẹ̀ǹtímítà 1 òkè, kí o rẹ ẹ́ sínú ẹtánọ́ọ̀lù tí a po aró rose Bengal mọ́, gíráàmù 2 sí lítà kan, fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Aró náà a máa pọ́n ara èyí tó wà láàyè nígbà tí a bù ú, àmọ́ òkú tí kò tíì jẹrà náà lè pọ́n. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣì ọ́ lójú, má kà á mọ́ alààyè. Lẹ́yìn náà, fi asẹ́ oníhò mílímítà 0.125 fọ̀ ọ́, kí o sì ka nǹkan bí 300 lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Ya Ammonia (orúkọ ẹ̀dá ni o, kì í ṣe kẹ́míkà tí ń ta ni nímú) sọ́tọ̀ kúrò lára Elphidium; irú foraminifera ni àwọn méjèèjì. Ammonia a máa fara da àìtó ọ́síjìn ju èkejì lọ. Pín iye rẹ̀ sí àròpọ̀ àwọn méjèèjì, kí o sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: bí Ammonia bá jẹ́ 180, tí Elphidium jẹ́ 60, ìdáhùn jẹ́ 75.

Láti mọ ti àtijọ́, gé ẹrẹ̀ náà ní ìpele-ìpele dé ìsàlẹ̀, kí a fi òjé-210, irú òjé tó ń tú ìtànṣán jáde, tí ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàárín nǹkan bí ọdún 22, mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá ń ga sí i bí a ti ń bọ̀ lókè, ọ́síjìn ti ń dín kù nìyẹn, bí iyọ̀ omi kò bá yí padà. Ní ọ̀sà Èkó, níbi tí omi òjò ti ń lé iyọ̀ sẹ́yìn lọ́dọọdún, wọn iyọ̀ kí o tó dá ajílẹ̀ lẹ́bi.