Bẹ́ ẹ ṣe máa tẹ́ẹ̀sì ojú Collie yín kó tó gùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin ajá Collie tàbí Border Collie l'Ógbòmọ̀ṣọ́, àrùn ojú àjogúnbá kan wà tí wọ́n ń pè ní CEA (Collie Eye Anomaly), ajá lè gbé e sára kójú ẹ̀ ṣì dá ṣáká, àmọ́ tákọ tábo bá jọ gbé e, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ló ṣeé ṣe kó mú. Àyẹ̀wò DNA ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kó má tíì jẹun o, ẹ fi swab (igi tín-ín-rín tó ní òwú lórí) ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ dáadáa, itọ́ nìkan ò tó, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kó o sínú ẹnfílóòpù, kì í ṣe ọ̀rá, ọ̀rinrin á bà á jẹ́. Ẹ kọ orúkọ ajá sí i. Yunifásítì UC Davis l'Ámẹ́ríkà ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀. Èyí tó kàn gbé e, ẹ má lé e dànù jàre, èyí tí ò ní in rárá ni kẹ́ ẹ fi gùn ún.