Bí mo ṣe dín ìjókòó kù ní ṣọ́ọ̀bù àti nílé wa

Aránṣọ ni mí, n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ wa. Bí aṣọ ọdún bá ti wọlé, ẹni tó jókòó ti máṣíìnì láàárọ̀ lè má dìde títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ la fi ń wa máṣíìnì, ẹsẹ̀ ṣáà ń ṣiṣẹ́. Máṣíìnì oníná tó gbòde báyìí, kéèyàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, ó ti ń sáré. Mo wá rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì pé ogún ọdún, ń di ìbàdí mú kí wọ́n tó lè nàró. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, mo sì pinnu pé màá wá nǹkan ṣe sí i.

Mi ò ra ohunkóhun, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa sáré láàárọ̀ kùtù. Mo kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú oníkálukú jókòó. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo nǹkan ló wà ní àrọ́wọ́tó: áyọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, òwú nínú agolo, omi lábẹ́ àga. Èyí tí kò bá sí nítòsí, ọmọ tó kéré jù nínú wọn ni wọ́n ń rán, òun nìkan ló ń rìn fún gbogbo wọn.

Mo gbé tábìlì áyọ́ọ̀nù lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé òwú sórí pẹpẹ, mo gbé omi síta. Mo ní kí káfíńtà fi igi kún ẹsẹ̀ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ títí ó fi dé ìbàdí mi, ká lè máa dúró gé aṣọ láì tẹ̀ba. Mo wá fi òfin kan lélẹ̀: ojú rírán tá a bá ti rán tán, ká dìde lọ lọ̀ ọ́ ká tó so ó mọ́ òmíràn. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ mọ̀ pé aṣọ tá a lọ̀ báyìí máa ń jókòó dáadáa lára, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé à ń fàkókò ṣòfò. Mo tún ní kí oníkálukú máa dìde lọ mú ohun tó bá fẹ́, kí wọ́n yé rán ọmọ kékeré. Ìyẹn ló le díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọmọ iṣẹ́ béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé àwa náà ni ká máa lọ bomi fúnra wa?" Mo ní, "Èmi náà ń lọ bu tèmi."

Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Bá a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wa máa ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè lọ sọ́dọ̀ ọkàn. Bí ẹsẹ̀ bá kàn wà lójú kan, ẹ̀jẹ̀ àti omi á lọ kó jọ sísàlẹ̀, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí bàtà fún ẹlòmíì mọ́ ẹsẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ sì máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí kan ilé wa gan-an, torí ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwa nílé kì í jẹ́ kí wọ́n rìn. Bí Màmá bá ti fẹ́ dìde, gbogbo wa á pariwo: "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e!" Àwo tí wọ́n fi jẹun, a ti gbé e. Omi ìwẹ̀, a ti pọn ọ́n. Ọ̀wọ̀ ni, ìfẹ́ sì ni, àmọ́ orí àga ló so wọ́n mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa bomi rin ewédú tó wà lẹ́yìnkùlé." Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe nǹkan." Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn àti àbíkẹ́yìn mi á jọ rìn dé ìparí àdúgbò, ìrìn Màmá lọmọ á máa bá lọ. Bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, torí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè farapa lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ṣeré tó ń múni mí gúlegúle lójúmọ́. Ọmọ kan kì í dá eré ṣe. Mo bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, mo sì ṣí géètì wa sílẹ̀ fáwọn ọmọ wọn. Mo kọ́ wọn ní ẹkùn mẹ́ran: kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo, kí ewúrẹ́ wà nínú, kí ẹkùn wà níta. Suwe àti ten-ten, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Eré yìí ló ṣáájú tẹlifíṣọ̀n báyìí.

Dẹ́rẹ́bà ni ọkọ mi. Mo sọ fún un nípa ìwádìí dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1953 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n fi àwọn dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù wé àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ wọn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò, àrùn ọkàn ò bá wọn jà tó bó ṣe ń bá dẹ́rẹ́bà jà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èmi nìyẹn o." Látìgbà náà, tó bá ń dúró kí ọkọ̀ kún ní gáréèjì, á bọ́ sílẹ̀, á máa rìn yíká. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe irú ìrìn kánmọ́kánmọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́sìnnì ló kù. Àwọn ọmọ á kúrò lórí bẹ́ǹṣì iléèwé, wọ́n á tún bọ́ sórí bẹ́ǹṣì míì. Mo ti bá tíṣà wọn sọ ọ́, ó sì gbà kí wọ́n máa jáde síta díẹ̀ láàárín ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n máa dìde dúró, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́, bí wọ́n bá ń ka táìmsì tébù. Ó ní òun á dán an wò ní táàmù tó ń bọ̀.