Sìkúrúù wo ni ká fi tún ara bọ́ọ̀sì tá a sọ di ṣọ́ọ̀bù ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta oúnjẹ nínú bọ́ọ̀sì kan lẹ́bàá yunifásítì FUTA, l'Ákùúrẹ́. Nígbà tí páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń mì, kápẹ́ńtà kan bá a fi sìkúrúù dúdú dè é, irú èyí tí wọ́n fi ń de POP mọ́ àjà. Kí òjò ọdún náà tó dá, omi pupa ti ń ṣàn lára ọ̀dà funfun. Sìkúrúù ò kán o, òjò ló jẹ ẹ́. Tó bá di ti ìta ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ro ti omi, kẹ́ ẹ tó ro ti agbára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ tú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun pákó bá lẹ̀ mọ́ ọn, pákó ló wà lẹ́yìn páànù nìyẹn. Ẹ wọn bí sìkúrúù náà ṣe nípọn àti bó ṣe gùn. Bí pákó tó jáde bá dúdú, tó rọ̀ bí àkàrà inú omi, ẹ má wulẹ̀ ra sìkúrúù kankan: pákó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí kò sóhun tó máa dì mú.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè lọ sọ́jà. Sìkúrúù sítéńlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni kẹ́ ẹ béèrè. Oríṣi 304, tí wọ́n máa ń kọ A2 sára páálí rẹ̀, tó fún Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Àwọn tó ń gbé etí òkun ní Ìlàjẹ ni mo máa ní kí wọ́n fowó kún un, kí wọ́n ra 316 (A4), nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀.

Ẹ mú òòfà kékeré dání, èyí tẹ́ ẹ yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́ náà tó.

“Ṣé sítéńlẹ́ẹ̀sì ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Ojúlówó ni, àbúrò!”

Ẹ fi òòfà kàn án. Bó bá fò mọ́ ọn pàó, kì í ṣe 304. Ó lè jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi síńkì bò, ó sì lè jẹ́ 410, sítéńlẹ́ẹ̀sì kan tí òòfà ń fà, ṣùgbọ́n tí kò lè ta ko ìpẹtà tó 304. Bó bá kàn fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má bá ọlọ́jà jà, 304 náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí páànù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má fi sìkúrúù bàbà kàn án rárá. Tí irin méjì tí kò bára mu bá pàdé nínú omi, ọ̀kan á máa jẹ èkejì, alumíníọ̀mù ló sì máa fara gbá a: ẹ̀ẹ́ rí lẹ́búlẹ́bú funfun yí ihò ká. Sítéńlẹ́ẹ̀sì gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wáṣà oníróbà fi gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Ti orí sìkúrúù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: èyí tí abẹ́ orí rẹ̀ tẹ́jú ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí orí rẹ̀ ń rì wọlé máa ń fa páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ya.

Gígùn ńkọ́? Ká ní páànù àti wáṣà jẹ́ mílímítà 3, kí pákó jẹ́ 25. Sìkúrúù mílímítà 20 á wọ pákó ní 17, kò ní yọrí sí inú. Ẹ má fi ti 40 dán an wò, wáyà iná tàbí páìpù gáàsì lè wà níbẹ̀. Ní ti ìnípọn, bí ihò àtijọ́ bá ti fẹ̀ ju ti sìkúrúù mílímítà 4.2 lọ, ẹ bọ́ sí 4.8.

Ẹ fi dírìlì mílímítà 3 ṣí ojú pákó fún sìkúrúù 4.2, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù bútáìlì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, yí ihò ká. Mi ò fẹ́ràn sílíkónì níbẹ̀, ọ̀dà kì í mú un. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dè é, ẹ má fi dírìlì dè é. Bí gọ́ọ̀mù bá ti ń yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáṣà, ẹ dúró níbẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ wọ inú ọkọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan pákó ẹ̀yìn ibẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi gbẹ.